Gúùsì Kì Í Ṣe Ọdẹ: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nídìí Adágún Ẹja

Ní ìdájí ọjọ́ Ajé tó kọjá, ọkùnrin kan pè mí láti ọ̀nà Ìlobùú: "Bàbá ẹlẹ́ja, ẹ gbà mí, gbogbo ẹja mi ló gbẹ́nu sókè." Nígbà tí mo débẹ̀, omi náà ti ki bí ọbẹ̀ ewédú, gúùsì mẹ́jọ, ẹyẹ tó jọ pẹ́pẹ́yẹ ńlá ọlọ́rùn gígùn, sì ń lúwẹ̀ẹ́ lórí ẹ̀ bí ìjòyè tó wá yẹ ilé wò. Mo ti kìlọ̀ fún un. Inú ń bí mi, nítorí ọdọọdún ni mo ń rí àwọn tó ń da owó ìfẹ̀yìntì àti owó àjọ sínú omi ní Òṣogbo yìí. Bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ adágún àti bí wọ́n ṣe ń ra ọmọ àrọ̀, ẹ ti mọ ìyẹn. Ohun tí kò yẹ kí ẹ ṣe ni mo fẹ́ sọ.

1. Kí ẹ fa omi bòhóòlù tààrà lé ọmọ ẹja lórí. Omi abẹ́ ilẹ̀ kì í ní ọ́síjìn tó. Ẹ jẹ́ kó máa já láti òkè bí òjò, kí afẹ́fẹ́ lè wọ inú ẹ̀.

2. Kí ẹ kó ẹja sínú adágún oníkọnkéré tuntun láìkọ́kọ́ fi omi rẹ ẹ́. Ẹ rọ omi sí i, ẹ dà á nù, ẹ tún rọ òmíràn, lẹ́ẹ̀mejì-mẹ́ta. Símẹ́ńtì tuntun ń ta ẹja lára.

3. Kí ẹ fi pọ́ńpù fa omi Odò Ọ̀ṣun. Ẹ̀yin náà ti rí àwọ̀ rẹ̀. Àwọn tó ń wa góòlù lápá Ìjẹ̀ṣà ti sọ ọ́ di pupa rúsúrúsú kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ẹrẹ̀ nìkan kọ́ ló sì lè wà nínú ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi omi Yèyé sílẹ̀ fún Yèyé.

4. Gúùsì. Ẹ jẹ́ kí n mí kanlẹ̀ ná.

Mi ò mọ ẹni tó sọ fún àwọn èèyàn pé ẹni tó bá ti ní adágún gbọ́dọ̀ ra gúùsì. Wọ́n á ní ó ń ṣọ́lé ju ajá lọ, wọ́n á ní ejò kì í dé ibi tó bá wà. Lóòótọ́, bó bá rí àlejò, á pariwo. Bó bá rí onílé, á pariwo. Bí ewé bá já bọ́, á pariwo. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kò sẹ́ni tó ń torí ariwo ẹ̀ dìde mọ́, olè náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Koríko ló ń jẹ, kì í sì í pẹ́ nínú ẹ̀ kó tó jáde. Kí n tó mu pọ́ọ̀wọ́tà kan tán lórí búlọ́ọ̀kù tí mo jókòó sí, ọ̀kan nínú wọn ti yàgbẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Mo kà á. Ajílẹ̀ ni ìgbẹ́ yẹn. Lóko ẹ̀fọ́, ó dáa. Nínú omi, àwọn ewéko kéékèèké tó ń sọ omi di àwọ̀ ewé ló ń bọ́. Lọ́sàn-án, wọ́n ń tú ọ́síjìn sílẹ̀. Lóru, àwọn náà á máa bá ẹja du ìwọ̀nba tó wà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìdájí ni wọ́n máa ń pè mí. Àrọ̀ lè mí afẹ́fẹ́ òkè o, ẹ má bẹ̀rù bó bá yọjú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n bí gbogbo wọn bá gbẹ́nu sókè tí wọn ò wálẹ̀ mọ́, ọ̀rọ̀ ti dójú ẹ̀.

Èyí tó ń dùn mí jù ni oúnjẹ. Oúnjẹ tó ń léfòó, tí ẹ fi owó gidi ra ní àpò oníkílò 15, ẹ wọ́n ọn sórí omi, gúùsì á wá máa ṣà á bí àgbàdo. Ẹja á máa wò láti ìsàlẹ̀. Owó ẹja ni ẹ fi ń bọ́ ọdẹ ariwo.

Mo mọ̀ nítorí èmi náà ti rà á. Mẹ́rin. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ló gbà mí nímọ̀ràn. Àna ni, mi ò lè kọ̀. Nígbà tí omi di àwọ̀ ewé, mo gbọ́ pé ẹfun dáa, ni mo bá da odindi àpò kan sí i lọ́sàn-án gangan, irú èyí tí wọ́n fi ń kun ògiri. Mi ò mọ̀ pé bí omi bá ti kún fún amóníà láti inú ìgbẹ́ àti oúnjẹ tó jẹrà, ẹfun tó bá gbé pH ẹ̀ ga (ìyẹn ìwọ̀n bí omi ṣe kan tàbí kò kan tó) á sọ amóníà náà di májèlé gidi. Omi tó ti di àwọ̀ ewé bẹ́ẹ̀, pH ẹ̀ ti máa ń ga lọ́sàn-án tẹ́lẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹja ti fikùn sókè. Apẹ̀rẹ̀ ni mo fi kó wọn lọ sin, gúùsì mẹ́rin dúró tì mí, wọ́n ń pariwo.

Bí wọ́n bá jẹ́ ti aládùúgbò ńkọ́? Ẹ má fi oògùn eku dẹ wọ́n. Inú omi yín náà ló máa já sí, ẹjọ́ sì ń bọ̀. Gúùsì kì í fẹ́ koríko gíga tí kò ní jẹ́ kó rí ọ̀tá, torí náà ẹ yéé gé etí adágún kanlẹ̀ bí pápá bọ́ọ̀lù. Ẹ na àwọ̀n yíká, bó bá ti dé ìbàdí, ó tó, torí ẹsẹ̀ ni gúùsì ilé fi ń rìn wọmi. Igi tí ẹ wọ̀ lákìísà bí èèyàn, wọn ò ní pẹ́ mọ̀ ọ́n bí ẹ ò bá ń ṣí i nípò. Lékeléke tí ẹ̀ ń sọ lókùúta, tata àti kòkòrò ló ń wá ní tiẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀.

Mo ń ka nọ́ńbà tẹ́lẹ̀, mi ò mọ ibi tí mo dé mọ́.

Ẹ má pààrọ̀ gbogbo omi lẹ́ẹ̀kan. Ìdá kan nínú mẹ́ta tó, kí ẹ tún ṣe òmíràn lọ́jọ́ kejì. Ẹ má bọ́ ẹja tó ń gbẹ́nu sókè. Ẹ má bọ́ wọn nígbà ọyẹ́ bí ìgbà ooru: omi tutù, ikùn wọn náà tutù. Bí kò bá sí owó ohun èlò ìdánwò, ẹ ti ọwọ́ bọ omi títí dé ìgbúnwọ́. Bí ẹ bá ṣì ń rí àtẹ́lẹwọ́ yín fẹ́ẹ́rẹ́, omi ò tíì burú. Bó bá ti pòórá kí ọwọ́ tó wọlé dé ìdajì, ẹ dá oúnjẹ dúró, kí ẹ tú lára omi náà.

Ti ọkùnrin ọ̀nà Ìlobùú yẹn, a tú omi, a fi pọ́ńpù fọ́n òmíràn sókè kó máa já bí òjò, nígbà tó fi máa di aago mẹ́wàá, èyí tó pọ̀ nínú ẹja náà ti wálẹ̀. Ó ní òun máa ta gúùsì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ kó tó di Kérésì. Ó wá bi mí bóyá mo lè bá òun ra méjì.