Bí mo ṣe yan àmì fún pọlinóómíà mi lórí complex plane

Iṣẹ́ kan há mọ́ mi lọ́wọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní Adó-Èkìtì. Fọ́ńṣọ̀n kan wà tí kọ̀ǹpútà mi máa ń pẹ́ kó tó ṣírò rẹ̀, mo sì fẹ́ fi pọlinóómíà (àròpọ̀ bíi 2+3z+z², tó rọrùn láti ṣírò) rọ́pò rẹ̀ lórí complex plane, ìyẹn pẹpẹ tí a+bi ti dúró fún ibi tó wà ní a sí ọ̀tún àti b sí òkè, tí i² sì jẹ́ −1. Orí onígun mẹ́rin ọlọ́gbọọgba kan ni mo ti fẹ́ ẹ, tí igun rẹ̀ wà ní 1+i, −1+i, −1−i àti 1−i. Èèyàn á yan àmì mélòó kan, á ṣírò fọ́ńṣọ̀n náà níbẹ̀, á wá wá pọlinóómíà tó bá a dọ́gba ní gbogbo ojú àmì wọ̀nyẹn. Ibi tí a ó fi àmì sí gan-an ni wàhálà wà.

Mo kọ́kọ́ to àmì 36 bí ẹni kọ ebè, ìlà mẹ́fà, mẹ́fà mẹ́fà, àlàfo wọn dọ́gba. Àárín dára. Àmọ́ nígbà tí mo wo ìtòsí igun, àṣìṣe ibẹ̀ ju iye fọ́ńṣọ̀n náà lọ fíìfíì. Mo fi àmì kún un, ó tún burú sí i.

Carl Runge, ará Jámánì, ti fi irú èyí hàn ní 1901 lórí ìlà lásán. Ẹ mú 1/(1+25x²) láti −1 dé 1, kí ẹ to àmì sí i ní àlàfo tó dọ́gba. Tí àmì bá jẹ́ 11, àṣìṣe tó pọ̀ jù á sún mọ́ 2. Tó bá jẹ́ 21, á sún mọ́ 60! Bẹ́ẹ̀ fọ́ńṣọ̀n yẹn kì í ju 1 lọ. Ohun tó ń dà á láàmú ò sí lórí ìlà náà rárá: 0.2i àti −0.2i ni 1+25x² ti di òdo, tí fọ́ńṣọ̀n náà sì ti ń ga sókè láìlópin. Tèmi náà ní irú ibi bẹ́ẹ̀ ní 1.1, ní ìta ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún.

Lọ́jọ́ Sátidé mo lọ bá bàbá mi ní Ìkẹ́rẹ́, wọ́n ń sá kòkó. Òjò ṣú láti ìhà òkè Olósùnta, a sáré gbé tápólì. Mo fẹ́ máa so ó láti ìdí kan lọ sí èkejì.

“Igun ni kí o kọ́kọ́ so,” ni bàbá wí. “Igun ni atẹ́gùn máa ń gbà gbé e.”

Wọ́n so igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n so àárín ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí mo padà délé, mo gbìyànjú ìlànà Franciszek Leja, onímọ̀ ìṣirò ará Poland. Àmì àkọ́kọ́ wà lọ́wọ́ ẹni. Èyí tó bá tẹ̀ lé e, ẹ wọn bó ṣe jìnnà sí àwọn tó ti wà nílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ sọ gbogbo rẹ̀ di púpọ̀ mọ́ra wọn; ibi tí èsì ti pọ̀ jù ni kí ẹ fi í sí. Èsì yẹn kì í pọ̀ jù ní inú, etí ló máa ń wà, nítorí náà etí nìkan ni mo wá, 1,000 ibi lórí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti 1+i. Ó mú −1−i, lẹ́yìn náà igun méjì tó kù. Lẹ́yìn igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìsọdipúpọ̀ ìjìnnà ibi z sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti di |z⁴+4|, ìyẹn bí z⁴+4 ṣe jìnnà sí òdo: ó jẹ́ 4 ní àárín gbùngbùn, ó jẹ́ 5 ní àárín ẹ̀gbẹ́. Àmì karùn-ún sí ìkẹjọ bọ́ sí àárín ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí bàbá mi ṣe so tápólì wọn gẹ́lẹ́! Mo fi ìwé ṣe ìṣirò náà lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gbà.

Ọ̀nà Newton, tó máa ń fi ègé kan kún pọlinóómíà fún àmì tuntun kọ̀ọ̀kan, ni mo fi kọ ọ́, mo tẹ̀ lé bí àwọn àmì ṣe wọlé. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ nìyí: tí àmì 37 bá dé, 36 tó wà nílẹ̀ kò ṣòfò. Àwọn igun dákẹ́. Ìtòsí 1 nìkan ló lọ́ra, torí 1.1 wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sì ní láti dé àmì 200 kí ibẹ̀ tó rọlẹ̀.