Wáìnì ìṣápá mi ń fa ahọ́n, ó tún wá ń kan: kí ni kí n ṣe?

Ìbéèrè (láti Òkè-Àró, Àkúrẹ́): Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìṣápá pupa, ṣúgà àti yíìsì ni mo fi ṣe wáìnì lítà 20 sínú kẹ́ẹ̀gì. Ó hó fún ọ̀sẹ̀ méjì kó tó dákẹ́. Mo tọ́ ọ wò, ló bá fa ahọ́n mi bí ẹni jẹ obì mọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò pọ́n. Ṣé kí n dà á nù ni?

Ìdáhùn: Ẹ má dà á nù o. Ọmọ ìkókó ni wáìnì ọ̀sẹ̀ méjì. Tánìnì ló ń fa ahọ́n bẹ́ẹ̀. Ó wà lára ìṣápá, ó sì wà lára èèpo àti kóró àjàrà tí àwọn ará Faransé ń lò. Bí oṣù ṣe ń gorí oṣù ni yóò máa rọlẹ̀.

Ẹ kọ́ láti mọ ìyàtọ̀ láàárín kíkan àti fífa ahọ́n, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń pè méjèèjì ní “ó le lẹ́nu”. Ohun tó kan máa ń mú itọ́ sun. Ohun tó ń fa ahọ́n, ńṣe ló ń gbẹ itọ́. Ìṣápá fúnra rẹ̀ kan, nítorí náà bí wáìnì yín bá kan díẹ̀, kì í ṣe àrùn.

Kí ẹ tó jẹun ni kí ẹ tọ́ ọ wò, kì í ṣe lẹ́yìn ata rodo. Ẹ gbé ife náà sí fìríìjì fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, torí nínú ooru Àkúrẹ́, agbára ọtí nìkan ni imú yóò gbọ́. Ẹ gbóòórùn rẹ̀ ná, ẹ mu díẹ̀, ẹ yí i ká ẹnu kí ẹ tó gbé e mì. Bó bá ń rùn bí ẹyin ọ̀bu, ẹ fi rọ́bà fà á kúrò lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó ta sókè díẹ̀ bó ṣe ń bọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì kejì. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo fara mọ́ ọn kí afẹ́fẹ́ kàn án nìyẹn.

Ìbéèrè (ẹni yẹn náà, lẹ́yìn oṣù méjì): Ó ti rọ̀ lóòótọ́, ẹ̀gbọ́n. Gbogbo Sátidé ni mo ń tọ́ ọ wò, àwọn ọ̀rẹ́ mi náà ń bá mi tọ́ ọ. Kẹ́ẹ̀gì ti dé ìdajì. Àmọ́ báyìí ó ń kan bí ẹmu àná, ó sì ń rùn bí oje tí wọ́n fi ń nu ọ̀dà èékánná.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ìtọ́wò yẹn ló pa á. Ẹ má bínú, mo rẹ́rìn-ín díẹ̀, torí èmi náà ti ṣe é rí. Kòkòrò tín-ń-tín kan wà tó ń sọ ọtí di fínígà, kò sì lè ṣiṣẹ́ láìsí afẹ́fẹ́. Ó wà lára àwọn tó ń mú kí ẹmu òwúrọ̀ kan lọ́jọ́ kejì. Gbogbo ìgbà tí ẹ ṣí kẹ́ẹ̀gì ni ẹ fún un ní afẹ́fẹ́, àlàfo ìdajì kẹ́ẹ̀gì yẹn sì di oko fún un. Fínígà kì í padà di wáìnì. Ẹ fi í ṣe sàláàdì.

Nígbà mìíràn, bí wáìnì bá ti tòrò, ẹ rọ gbogbo rẹ̀ sínú ìgò, kó kún dé ọrùn. Kẹ́ẹ̀gì ike kò dára fún ìpamọ́ gígùn, afẹ́fẹ́ ń gba ara ike wọlé díẹ̀díẹ̀. Ẹ wá ya ìgò kékeré mẹ́fà sọ́tọ̀ fún ìtọ́wò nìkan, kí ẹ máa ṣí ẹyọ kan lóṣù. Ohun tó bá ṣẹ́ kù nínú ìgò ìtọ́wò, ẹ mu ún tán.

Ìbéèrè (láti ìlú Oǹdó): Níbo ni kí n tọ́jú tèmi sí, títí di ìgbà wo?

Ìdáhùn: Àjà ilẹ̀ tí àwọn òyìnbó ń lò máa ń tutù tó bíi 12 sí 15 lórí ìwọ̀n Celsius, yàrá wa lè kọjá 30 nínú oṣù kẹta. Abẹ́ páánù ni mo kó àkọ́ṣe mi sí. Kó tó di Ọdún Àjíǹde, àwọ̀ pupa rẹ̀ ti di ti omi tíì. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀, igun tí oòrùn kì í dé, nínú páálí, lórí táìsì: ibẹ̀ ló dára. Ẹ má gbé e sórí fìríìjì, ibẹ̀ máa ń gbóná. Ìṣápá kò fẹ́ kí wọ́n fi í pamọ́ fún ọdún mẹ́wàá. Oṣù mẹ́fà sí ọdún kan ti tó.

Ìbéèrè: Ìyàwó mi ní ọtí àṣenílé ń pani. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Wọn kò jẹ̀bi bí wọ́n bá bẹ̀rù, ìpínlẹ̀ Oǹdó wa rí irú ikú bẹ́ẹ̀ ní Òde-Ìrèlè ní oṣù kẹrin ọdún 2015. Methanol, irú ọtí kan tó jẹ́ májèlé, ni àyẹ̀wò rí nígbà náà, ògógóró ni wọ́n sì so ó mọ́. Methanol inú wáìnì èso tí a kò pọn lórí iná kéré gan-an.

Ìbéèrè: Kọ́ọ̀kì ìgò mi méjì fò lóru.

Ìdáhùn: Ṣúgà ṣì kù, yíìsì ṣì ń jẹ ẹ́. Ẹ kó ìyókù sí fìríìjì lónìí, kí ìgò má baà bẹ́. Ẹ fi aṣọ tó nípọn bo ìgò kí ẹ tó ṣí i, ẹ dà á padà sínú kẹ́ẹ̀gì, kí ẹ sì ki ẹnu rọ́bà tó ti ìdérí rẹ̀ jáde bọ inú omi títí omi náà kò fi ní yọ ìfófòó mọ́.