Ẹ Má Ṣe Jẹ́ Kí Ínsúlínì Dì: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Ìdílé Tó Ń Rìnrìn Àjò

Ìgò mẹ́ta ínsúlínì, abẹ́rẹ́ àwọn tó ní àrùn ìtọ̀ ṣúgà, ló bí ìwé yìí. Bàbá àgbẹ̀ kan tí oko rẹ̀ wà lọ́nà Mọ́níyà, ní Ìbàdàn, ń lọ sí Èkó fún ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì fẹ́ lo ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń tọ́jú rẹ̀ kó ìgò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú kúlà, ó to omi inú ọ̀rá tó ti dì gbagidi yí wọn ká, ó dé e pa, ó sì gbàdúrà ìrìn àjò fún bàbá. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ kẹfà, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ bàbá ti ga jù, ó ti kọjá 400 mg/dL, bẹ́ẹ̀ ni kò pa abẹ́rẹ́ kankan jẹ. Àwọn ará ilé bẹ̀rẹ̀ sí í bá a wí pé iyán àti mínírà òde ìgbéyàwó ló ń jẹ, tó ń mu ní kọ̀rọ̀. Ìgbà tí wọ́n gbé e padà dé Ìbàdàn ni mo yẹ ìgò tó ń lò wò. Ínsúlínì tó yẹ kó funfun kúnná bíi mílíìkì nígbà tí a bá yí i láàárín àtẹ́lẹwọ́ ti di hóró hóró, bí ògì tí a kò sẹ́ dáadáa, díẹ̀ nínú hóró náà sì lẹ̀ mọ́ ara ìgò. Bàbá kò jẹ ohunkóhun ní kọ̀rọ̀. Oògùn tó ti kú ni ó ń gún sára láti ọjọ́ kìíní, ìbáwí tí wọ́n sì ń fún un kò tọ́ sí i rárá.

Mo ti rí àṣìṣe yìí lọ́pọ̀ ìgbà, lọ́dọ̀ àwọn tó mọ̀wé àti àwọn tí kò mọ̀wé. Ẹni tó ń lo ínsúlínì ti mọ bí a ṣe ń gún un, n kò ní fi ìyẹn gba àkókò yín. Ohun tí mo fẹ́ kí ó yé gbogbo ilé ni pé ínsúlínì tó bá dì ti bàjẹ́, bí ó tilẹ̀ yọ́ padà. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbin tòmátì mọ bí tòmátì ṣe ń rí nígbà tí a bá gbé e jáde nínú fírísà tó sì yọ́: ojú rẹ̀ lè pọ́n síbẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè gbé ara rẹ̀ dúró mọ́. Ooru a máa jẹ ínsúlínì díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni dídì ń bà á jẹ́.

Ìwọ̀n tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kò pọ̀. Ínsúlínì tí a kò tíì ṣí ń gbé inú fíríìjì ní ìwọ̀n 2 sí 8 °C títí di ọjọ́ tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀. Èyí tí a ti ṣí lè wà níta fíríìjì, níbi tí kò gbóná ju 25 tàbí 30 °C lọ, fún ọjọ́ 28. Irú kan wà tí ọjọ́ rẹ̀ kéré sí èyí, òmíràn sì wà tó jù ú lọ, nítorí náà ẹ ka ìwé tó wà nínú páálí tiyín, tàbí kí ẹ bi apòògùn tó tà á. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ṣí i sára ìgò, kí ọjọ́ náà má bàa di ohun tí ẹ ń rò lọ́kàn. Ìgò 10 ml ní yúnìtì 1000. Ẹni tó ń lo 20 lójoojúmọ́ yóò lo 560 láàárín ọjọ́ 28, 440 ni yóò sì ṣẹ́ kù. Mo mọ̀ pé ó ń dunni láti da 440 nù, nítorí owó ínsúlínì kì í ṣe owó kékeré, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe ṣún ọjọ́ náà síwájú.

Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí fún arìnrìn-àjò. Ìgò tí ẹ ń lò lọ́wọ́ kò nílò yìnyín kankan láti Ìbàdàn dé Èkó, àní bí ẹ óò bá tilẹ̀ lo ọ̀sẹ̀ méjì níbẹ̀. Òjìji ni ó nílò. Ní ọdún 2021, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Geneva àti ẹgbẹ́ oníṣègùn Médecins Sans Frontières tẹ ìwádìí kan jáde nípa ibùdó àwọn tí ogun lé kúrò nílé ní Dadaab, ní Kẹ́ńyà, níbi tí ooru inú ilé ti máa ń lọ sókè sódò láàárín 25 àti 37 °C. Ínsúlínì tí wọ́n tọ́jú sínú irú ooru bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kò pàdánù agbára rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fi èyí ṣe àwíjàre láti gbé oògùn sínú oòrùn o, nítorí inú ọkọ̀ tí a tì pa sínú oòrùn ọ̀sán lè kọjá 50 °C.

Bí ẹ óò ṣe di ẹrù oògùn

Ẹ mú ìlọ́po méjì iye tí ẹ óò lò dání, kí ẹ sì pín in sí ọ̀nà méjì, kí ìdá kan wà lọ́wọ́ yín, kí ìdá kejì wà lọ́wọ́ ẹni tí ẹ jọ ń lọ.

Fún èyí tí ẹ ń lò, fílásìkì ẹlẹ́nu gbòòrò tó. Ẹ bu omi tútù sínú rẹ̀, kì í ṣe omi oníyìnyín, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, ẹ dà á nù, ẹ nu inú rẹ̀ gbẹ, ẹ di ìgò náà sínú ọ̀rá, ẹ fi sínú fílásìkì, ẹ sì dé e.

Fún èyí tí ẹ kò tíì ṣí, ẹ wá kúlà kékeré àti omi inú ọ̀rá mẹ́rin, 50 cl ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó sun inú fíríìjì mọ́jú. Mo tún un sọ, inú fíríìjì, kì í ṣe fírísà. Ẹ tẹ́ méjì sí ìsàlẹ̀, ẹ fi aṣọ ìnura tí a ká ní ìlọ́po méjì bò wọ́n, ẹ gbé ike onídérí tí ínsúlínì wà nínú rẹ̀ lé e, ẹ tún fi aṣọ ìnura bo ike náà, kí ẹ tó gbé omi méjì tó kù lé orí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé omi inú ọ̀rá tó ti dì nìkan ni ẹ rí, ẹ ṣe bí àwọn nọ́ọ̀sì tó ń gbé àjẹsára àwọn ọmọdé kiri ṣe ń ṣe: ẹ gbé e síta kí ó máa làágùn, kí ẹ máa gbé e sétí, kí ẹ máa mì í, ẹ má sì gbé e sínú kúlà títí ẹ óò fi gbọ́ omi tó ń mì lẹ̀gbẹ̀lẹ̀gbẹ̀ nínú rẹ̀. Èyí tí kò tíì dún kò gbọ́dọ̀ wọ inú kúlà. Tẹmómítà kékeré kan nínú ike náà yóò gbà yín lọ́wọ́ àròsọ.

Lójú ọ̀nà

Ẹ má ṣe gbà kí dẹ́rẹ́bà tàbí ọmọ ọkọ̀ gba báàgì yìí lọ́wọ́ yín sínú búùtù. Nínú ọkọ̀ akérò àtijọ́ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lábẹ́ ìjókòó iwájú, ẹ má ṣe jókòó síbẹ̀, nítorí ooru ibẹ̀ ń gba ìdí báàgì wọlé. Orí itan yín ni ààyè rẹ̀. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Èkó lè sọ ìrìn wákàtí méjì di ti ọjọ́ kan, nítorí náà ẹ mú oúnjẹ àti ṣúgà dání pẹ̀lú. Bí ara bá ń gbọ̀n, tí òógùn tútù ń bo yín, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín lè ti lọ sílẹ̀ jù: ẹ po ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́rin mọ́ omi, ẹ mu ún, kí ẹ sì tún ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín wọ̀n lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Ẹni tó ń wọ ọkọ̀ òfuurufú, bí àwọn tó ń lọ sí Mẹ́kà, kò gbọ́dọ̀ fi ínsúlínì sínú ẹrù tí wọ́n ń kó sí abẹ́ ọkọ̀, nítorí òtútù ibẹ̀ lè mú un dì. Ẹ gbé e sínú báàgì ọwọ́, pẹ̀lú lẹ́tà dókítà.

Nílé ẹni tó gbà yín lálejò

Ibí yìí ni ínsúlínì púpọ̀ ti ń ṣòfò, ìfẹ́ ló sì máa ń fà á. Ọmọ ilé yóò rí i pé iná ti lọ, yóò sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé kí oògùn màmá má bàa bàjẹ́, yóò sì yára gbé e sínú fírísà tó ṣì tutù. Ẹ pe gbogbo ilé jọ lọ́jọ́ tí ẹ bá dé, àti ọmọdé àti àgbà, ẹ fi oògùn hàn wọ́n, ẹ sọ fún wọn pé kí ẹnikẹ́ni má gbé e kúrò níbi tí ẹ fi sí. Nínú fíríìjì onílẹ̀kùn kan, abẹ́ àpótí yìnyín àti ara ògiri ẹ̀yìn a máa dì, pàápàá nígbà tí iná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Àárín ni kí ẹ gbé e sí, nínú ike onídérí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sùn ní abà, abẹ́ páànù kò dára fún un. Ẹ wá ìkòkò amọ̀ méjì, kí ọ̀kan lè wọ inú èkejì, kí àlàfo ìka méjì sì wà láàárín wọn. Ẹ fi iyanrìn odò kún àlàfo náà, ẹ máa bu omi sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ẹ so ínsúlínì sínú ọ̀rá kí omi má bàa kàn án, ẹ fi aṣọ tútù bo ẹnu ìkòkò, kí ẹ sì gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Bí omi àmù ṣe ń tutù láìsí iná ni èyí náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Nígbà ọyẹ́ ó máa ń tutù gan-an, ṣùgbọ́n nígbà òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ tutù. Èyí tí ẹ ń lò ni kí ẹ fi síbẹ̀.

Bí ẹ bá fura pé ínsúlínì ti dì, ẹ má gún un. Èyí tó yẹ kó mọ́ gaara ṣùgbọ́n tó ṣú, àti èyí tó yẹ kó funfun ṣùgbọ́n tó ní hóró, ti bàjẹ́. Àmọ́ òmíràn wà tó ti dì tí ojú kò ní mọ̀ ọ́n, nítorí náà bí ẹ bá bá a láàárín yìnyín, ìyẹn ti tó ẹ̀rí. Ẹ ṣí òmíràn. Bí ṣúgà bá sì ń ga sí i láìnídìí, ẹ má ṣe fi àròsọ gún ìlọ́po méjì. Bí òùngbẹ àti ìtọ̀ bá pọ̀, tí inú ń runni, tí èébì dé, tàbí tí mímí bá yára, ẹ gbéra lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì mú ìgò tí ẹ ń lò dání kí dókítà lè rí i.