Bí mo ṣe kó Windows mi kúrò lórí háàdì dísìkì àtijọ́ lọ sórí SSD, tí fáìlì kankan ò sì sọnù

Láptọ́ọ̀pù mi ò bàjẹ́ o, ó kàn ń wọ́ ni. Tí mo bá tàn án, mo lè lọ wẹ̀ kí n padà wá, Task Manager, ibi tí Windows ti ń fi bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn, á ṣì máa kọ Disk 100% sí mi lójú. RAM ẹ̀ tó, prósẹ́sọ̀ ẹ̀ náà ò tíì darúgbó, háàdì dísìkì oníyíyí 500GB tó wà nínú ẹ̀ ló ń fà á sẹ́yìn. Mo wá ra SSD 1TB, ìyẹn dísìkì tí kò ní ohun tó ń yí nínú, tó sì yá ju oníyíyí lọ. Àwọn kan ní kí n kàn fi Windows tuntun síbẹ̀ kí n bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, ìyẹn náà dáa, àmọ́ mo ní àwọn áàpù tí mi ò lè rí fáìlì tí mo fi gbé wọn wọlé mọ́, mo sì ní sẹ́tíǹgì tí mo ti ń tò látọjọ́ pípẹ́, mi ò ráyè àtúntò. Gbogbo ẹ̀ ni mo fẹ́ kó lọ bó ṣe wà.

Ojú tí mo fi wo iṣẹ́ yìí nìyí: kíkọ́pì gan-an kọ́ ló ń jẹ́ kí dátà èèyàn sọnù. Ohun tó ń fà á ni pé dísìkì àtijọ́ ti ń kú lọ tẹ́ni tó ni ín ò mọ̀, tàbí kéèyàn ṣe àṣìyàn, kó mú dísìkì òfìfo gẹ́gẹ́ bí ibi tó ti ń kó ẹrù, kó mú èyí tó kún gẹ́gẹ́ bí ibi tó ń kó o lọ. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, òfìfo lẹ máa kọ́pì lé gbogbo ohun tẹ́ ẹ ní lórí. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìmúrasílẹ̀ ló gba ọ̀pọ̀ lára àsìkò mi.

Mo kọ́kọ́ yẹ ara dísìkì àtijọ́ wò. CrystalDiskInfo ni mo lò, software tó ń sọ bí ara dísìkì ṣe rí, ọ̀fẹ́ ni. Ìlà tó wà níbẹ̀ pọ̀, àmọ́ méjì ni mo tẹjú mọ́, Reallocated Sectors Count àti Current Pending Sector Count. Èyí àkọ́kọ́ ń sọ iye ibi tó ti bàjẹ́ tí dísìkì ti fi òmíì rọ́pò ẹ̀, èkejì ń sọ iye ibi tó ń nira fún un láti kà báyìí. Òdo ni pending tèmi, ọkàn mi balẹ̀. Tí tiyín kì í bá ṣe òdo, tó sì ń gòkè, ẹ má wulẹ̀ lo software ìkọ́pì lásán, torí tó bá débi tí kò ṣeé kà, á kàn dúró, tàbí kó máa pààrà ibẹ̀ títí dísìkì á fi dákẹ́ pátápátá. GNU ddrescue, software tó ń kó dátà kúrò lórí dísìkì tó ń kú lọ, ló wà fún irú ẹ̀, òun á kọ́kọ́ kó gbogbo ibi tó yá, á fi ibi tó le sílẹ̀ dìgbẹ̀yìn, ó sì máa ń kọ ibi tó bá iṣẹ́ dé sínú fáìlì kan kó lè máa bá a lọ látibẹ̀ tí iná bá lọ.

Ó kan bákọ́ọ̀pù. Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní ṣebí ẹ̀dà náà lo fẹ́ ṣe un, bákọ́ọ̀pù wo lo tún ń wá? Ẹ gbọ́ mi o, títí iṣẹ́ yẹn á fi parí, orí dísìkì kan ṣoṣo ni dátà yín wà, orí ẹ̀ náà lẹ sì ti ń ṣiṣẹ́. Mo kó Documents, fọ́tò, Desktop àti fóldà iṣẹ́ mi sórí háàdì ìta kan, mo ṣí fáìlì mélòó kan wò láti orí ẹ̀, fídíò, PDF, zip, torí bákọ́ọ̀pù téèyàn ò ṣí wò rí, kò dá a lójú. Mo wá yọ háàdì yẹn kúrò lára kọ̀ǹpútà pátápátá, kó má tiẹ̀ sí níbẹ̀ rárá nígbà tí mo bá ń yan dísìkì.

BitLocker, ohun tí Windows fi ń ti dátà orí dísìkì pa, lèyí táwọn èèyàn kì í rántí. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù ló ń ti dísìkì pa fúnra ẹ̀ látìgbà tẹ́ ẹ bá ti wọlé pẹ̀lú àkáǹtì Microsoft, ẹni tó ni ín lè má mọ̀ ọ́n. Ẹ ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí Administrator, ẹ tẹ manage-bde -status, ẹ ó rí i. Tèmi wà ní títì. Mo kọ́kọ́ kọ recovery key, kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń ṣí i, sílẹ̀ síbòmíì, nọ́ńbà olóǹkà 48 ni, lẹ́yìn náà mo pa BitLocker, mo sì dúró títí ó fi kọ Fully Decrypted. Kò pọn dandan kéèyàn ṣí i kó tó kọ́pì o, àmọ́ tó bá wà ní títì, software ìkọ́pì ò ní mọ ibi tó lófo àti ibi tó ní fáìlì, gbogbo dísìkì látòkè délẹ̀ ló máa kó, á pẹ́ gan-an.

Mo tún tẹ powercfg /h off láti pa hibernation, ìyẹn oorun tí Windows máa ń sùn dípò kó kú, Fast Startup á sì bá a lọ, torí Fast Startup ò jẹ́ kí Windows kú tán tẹ́ ẹ bá ní kó kú, á fi NTFS, ètò tí Windows fi ń to fáìlì sórí dísìkì, sílẹ̀ bí ẹni tó ń tòògbé, àwọn irinṣẹ́ Linux bí èyí tí mo fẹ́ fi kọ́pì kì í sì fẹ́ fọwọ́ kàn án nírú ipò yẹn. Ẹ̀yìn ẹ̀ ni mo ṣe chkdsk C: /f, mo tẹ Y, mo tún kọ̀ǹpútà tàn kó yẹ ara ẹ̀ wò.

Fún kíkọ́pì, Clonezilla ni mo yàn. Kò lẹ́wà o, ojú ẹ̀ dúdú bí kọ̀ǹpútà ayé àtijọ́, àmọ́ orí flash ló ti ń ṣiṣẹ́, Windows á ti sùn pátápátá, kò sí fáìlì tó máa ṣí sílẹ̀ tàbí tó máa yí padà nígbà tí wọ́n bá ń kó o. Mo fi Ventoy, tó ń jẹ́ kí flash kan gba ISO púpọ̀, sórí flash kan, mo ju ISO Clonezilla, ìyẹn fáìlì tó gbé e lódindi, àti ti GParted Live, tó ń tún pátíṣọ̀n, àwọn apá tí wọ́n pín dísìkì sí, tò, sí i, ọ̀kan ṣoṣo ló gba méjèèjì. SSD wà níta, mo fi wáyà SATA sí USB so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù. Ojú USB 3 ni kẹ́ ẹ lò, USB 2 máa jẹ́ kẹ́ ẹ jókòó pẹ́. Ẹ fi ṣájà sí i pẹ̀lú, ẹ má fi bátìrì ṣe iṣẹ́ yìí.

Ó kù bí ẹ ó ṣe yan dísìkì, ibẹ̀ gan-an ni ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Clonezilla ò mọ C tàbí D, sda, sdb, sdc ló ń pè wọ́n, flash tẹ́ ẹ fi tan kọ̀ǹpútà náà á gba ọ̀kan nínú orúkọ yẹn, SSD irú NVMe tó ń wọ ara bọ́ọ̀dù tààrà á sì máa jẹ́ nvme0n1. Ẹ má gbára lé pé sda gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó wà nínú, lẹ́tà yẹn lè yí padà tẹ́ ẹ bá tún un tàn. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ ni mo ti da sítíkà ẹ̀yìn SSD kọ sórí bébà, orúkọ módẹ́ẹ̀lì àti ìparí nọ́ńbà síríà ẹ̀, Clonezilla sì ń kọ méjèèjì síwájú orúkọ dísìkì pẹ̀lú ìwọ̀n ẹ̀. Mo yan device-device, Beginner, disk_to_local_disk. Ó kọ́kọ́ bèèrè source, ìyẹn 500GB, lẹ́yìn náà target, ìyẹn 1000GB. Kó tó bẹ̀rẹ̀, ó máa kọ ìkìlọ̀ gàdàgbà pé gbogbo ohun tó wà lórí target máa pa rẹ́, á to pátíṣọ̀n tó wà níbẹ̀ fún yín. SSD tuntun ni tèmi, kò yẹ kí pátíṣọ̀n kankan wà lórí ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí NTFS níbẹ̀ nírú ìgbà yẹn, ẹ tẹ n kíá. Ó máa ń bèèrè ju ẹ̀ẹ̀kan lọ bóyá ó dá yín lójú, ẹ má fi wàdùwàdù tẹ y, gbogbo ìgbà tó bá bèèrè ni kẹ́ ẹ tún ka orúkọ dísìkì náà.

Kíkọ́pì fúnra ẹ̀ ò ní ìtàn. Ó kó pátíṣọ̀n EFI tó ń tan Windows, ó kó C, ó kó recovery tó wà fún àtúnṣe Windows, ibi tó ní fáìlì nìkan ló ń kó. Mo ti sọ fún un pé tó bá parí kó pa kọ̀ǹpútà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tan Windows nígbà tí dísìkì méjèèjì ṣì so mọ́ ọn. Ìbejì ni wọ́n báyìí, nọ́ńbà ìdánimọ̀ kan náà ló wà lára wọn, Windows á sọ ọ̀kan di offline tàbí kó fún un ní àmì tuntun, ìgbà míì ẹ tiẹ̀ lè rò pé orí SSD lẹ wà kó sì jẹ́ orí èyí àtijọ́ lẹ ti ń ṣiṣẹ́. Ohun kan náà ló ń da àwọn tó ń lo Linux láàmú, torí UUID kan náà, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ pátíṣọ̀n, ló máa wà lórí méjèèjì, fstab, fáìlì tó ń sọ èyí tí Linux máa ṣí, ò sì ní mọ èwo lẹ ní lọ́kàn. Mo tú nọ́ọ̀tì ẹ̀yìn láptọ́ọ̀pù, mo yọ bátìrì, mo yọ háàdì, mo fi SSD sáàyè ẹ̀, mo dé e padà.

Ó tàn. Mi ò ní purọ́, inú mi dùn. Tí tiyín ò bá tàn, ẹ kọ́kọ́ wọ BIOS, ibi sẹ́tíǹgì kọ̀ǹpútà kí Windows tó tàn, kẹ́ ẹ wò ó bóyá Windows Boot Manager ló wà lókè, ẹ má sì yí ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń bá dísìkì sọ̀rọ̀ padà, AHCI sí RAID tàbí RAID sí AHCI, torí ìyẹn nìkan tó láti gbé àṣìṣe INACCESSIBLE_BOOT_DEVICE jáde. Tó bá ṣì kọ̀, ẹ fi flash Windows tàn án, ẹ ṣí Command Prompt, ẹ lo diskpart, irinṣẹ́ Windows fún dísìkì, láti fún pátíṣọ̀n EFI ní lẹ́tà S, kẹ́ ẹ wá tẹ bcdboot C:\Windows /s S: /f UEFI, kó tún fáìlì tó ń tan Windows kọ síbẹ̀. Lẹ́tà Windows lè má jẹ́ C níbẹ̀ o, ẹ fi dir wò ó kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́.

Disk Management wá fi hàn mí pé ìdajì SSD ṣì wà ní òfìfo. C ò ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ, Extend Volume náà ò ṣeé tẹ̀, torí pátíṣọ̀n recovery jókòó sáàárín C àti àyè òfìfo yẹn. Mo tẹ reagentc /disable láti pa recovery ná, mo tan GParted, mo ti recovery lọ sí ìparí dísìkì, mo padà sí Windows, Extend ti tàn yòò. Mo nà án, mo tẹ reagentc /enable. Àpapọ̀ dísìkì 931GB ni, ẹ má rò pé wọ́n rẹ́ yín jẹ, 1000 ni àwọn tó ń ṣe dísìkì fi ń kà, 1024 ni Windows fi ń kà. Tó bá jẹ́ SSD yín ló kéré ju ti àtijọ́, ẹ ò ní lè ṣe é báyìí, àfi kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dín ìwọ̀n C kù kẹ́ ẹ tó kọ́pì, kí pátíṣọ̀n tó gbẹ̀yìn sì parí kó tó dé ibi tí dísìkì kékeré yẹn máa parí sí.

Mo fi iye fáìlì tó wà nínú fóldà iṣẹ́ wé ti bákọ́ọ̀pù, wọ́n bára mu. Windows ṣì wà ní Activated, ara bọ́ọ̀dù ni láísẹ́ńsì tèmi so mọ́, kì í ṣe dísìkì. fsutil behavior query DisableDeleteNotify dá 0 padà, ìyẹn ni pé TRIM, tó ń sọ fún SSD ibi tí fáìlì tẹ́ ẹ ti pa rẹ́ wà, ń ṣiṣẹ́. Mo tan BitLocker padà, mo sì kọ recovery key tuntun sílẹ̀, torí ti àtijọ́ ò ní ṣí i mọ́.

Háàdì àtijọ́ náà, mi ò fọwọ́ kàn án fún ìgbà díẹ̀, mò ń lo SSD lọ, mò ń ṣí gbogbo áàpù wò. Nígbà tó ti dá mi lójú ni mo so ó mọ́ wáyà USB, mo ṣí diskpart, list disk, mo wo ìwọ̀n ẹ̀ dáadáa kí n tó select, mo wá tẹ clean all. clean lásán kàn ń yọ tábìlì pátíṣọ̀n ni, fáìlì ṣì wà lábẹ́ ẹ̀ téèyàn lè wú jáde, clean all ló ń kọ òdo bo gbogbo ẹ̀, ó sì máa ń pẹ́, ẹ jẹ́ kó parí. Ibẹ̀ ni mò ń kó bákọ́ọ̀pù sí báyìí.