Yàrà Olókùúta fún Ìpìlẹ̀ Ilé Alámọ̀

Ilé alámọ̀ tí a kọ́ sí Bwari tàbí Kubwa kò ní ọ̀tá tó ju omi lọ. Láti nǹkan bí oṣù kẹrin títí di oṣù kẹwàá ni òjò fi ń rọ̀ ní Àbújá, ẹsẹ̀ ògiri ni ó sì máa ń kọ́kọ́ jẹ. Bí a bá gbẹ́ yàrà, tí a da òkúta kún un, tí a sì lànà fún omi, òkúta yóò gbé ògiri ró, omi yóò sì gba àárín rẹ̀ kọjá.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti kan èèkàn, tí ẹ sì ti ta okùn, ẹ gbẹ́ kọjá ilẹ̀ tó kún fún gbòǹgbò, títí tí ẹ ó fi kan yangí tó le. Bí ògiri bá fẹ̀ tó 40 sẹ̀ǹtímítà, kí yàrà fẹ̀ tó 50.

Ìsàlẹ̀ yàrà ni iṣẹ́ wà. Ó gbọ́dọ̀ máa rẹlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà kan, ó kéré tán, nínú mítà kọ̀ọ̀kan, títí dé ibi tí omi yóò ti yọ síta. Rọ́bà gbọọrọ tó mọ́ gaara, tí a bu omi sí, ni àwọn bíríkìlà wa fi ń wọ̀n ọ́n. Bí ilẹ̀ bá tẹ́ pẹrẹsẹ, tí omi kò ní ibi tí yóò ṣàn sí, ẹ wá ọgbọ́n mìíràn, nítorí yàrà náà yóò di kànga.

Ẹ fi aṣọ tó ń jẹ́ kí omi kọjá, tó sì ń dá erùpẹ̀ dúró, bo ẹ̀gbẹ́ yàrà, kí ẹ sì tẹ́ páìpù oníhò sí ìsàlẹ̀. Òkúta tí wọ́n ń fọ́ ní Mpape dára, àmọ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó sanwó. Mo ra ẹ̀kún típà kan rí nítorí pé ó dínwó. Òjò ọdún kejì ni mo rí i pé eruku rẹ̀ ti dí páìpù pa. Láti ìgbà náà, mo máa ń da ẹ̀kún ṣọ́bìrì kan sínú korobá omi; bí omi náà bá dà bí ògì, onítípà ni yóò gbé e padà.

Ìpele 15 sí 20 sẹ̀ǹtímítà ni kí ẹ máa dà, kí ẹ sì fi igi wúwo gún un títí òkúta kò fi ní mì mọ́. Lórí rẹ̀ ni ẹ ó da kọnkéré onírin sí, ẹ ó sì fi òkúta àti sìmẹ́ńtì mọ ọ́n ga tó 40 sẹ̀ǹtímítà kí amọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí omi tó ń já bọ́ láti orí páànù a máa ta bá ògiri.

Ẹni tó ń kọ́lé sí Borno, lórí ilẹ̀ dúdú tí wọ́n ń pè ní firki, tó ń wú lásìkò òjò, tó sì ń sán lásìkò ẹ̀rùn, kò gbọdọ̀ dán an wò láìpe ẹnjiníà, torí omi tó bá dúró sínú yàrà ni yóò máa mú ilẹ̀ náà wú.