Ẹ Jẹ́ Kí Ìwé Kọjú Sí Ọmọ

Ọ̀pọ̀ ilé tí mo ń wọ̀ ní Ìbàdàn níbí, inú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì tó wà ní pálọ̀ ni ìwé àwọn ọmọ máa ń wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo tí wọ́n kó pamọ́ de àlejò. Ẹ̀yìn ìwé, ibi tóóró tí wọ́n ti dì í pọ̀, nìkan ló hàn síta, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ màmá. Ọmọ ọdún mẹ́ta kò lè ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn ìwé. Àwòrán iwájú ló mọ̀: ìjàpá, ọ̀bọ, ọkọ̀ pupa. Èyí tí kò bá rí, kò ní béèrè rẹ̀.

Ohun tí mo ṣe sí yàrá àwọn ọmọ mi kò le. Mo ní kí káfíńtà gé pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí fífẹ̀ rẹ̀ tó ìka mẹ́rin, kó kàn án mọ́ ògiri, kó sì kan igi tín-ín-rín sí etí rẹ̀ níwájú kí ìwé má baà yọ̀ ṣubú. Ìwé á fẹ̀yìn ti ògiri, ojú rẹ̀ á wà níta. Pákó ìsàlẹ̀ kò gbọdọ̀ ga ju àyà ọmọ tó kéré jù nínú ilé. Ìṣó tí wọ́n ń yí wọlé ni kó lò, torí ọmọ á fà á, á tún fẹ́ gùn ún. Bó bá jẹ́ pẹpẹ ìwé tó ń dá dúró nílẹ̀ lẹ ní, ẹ de orí rẹ̀ mọ́ ògiri kó má wó lu ọmọ. Ẹ sì yẹra fún ògiri tí òjò ń lù láti ìta.

Bí lánlọ́ọ̀dù kò bá fẹ́ kí ẹ lu ìṣó mọ́ ògiri, apẹ̀rẹ̀ ike tí kò jìn ti tó. Ẹ to ìwé sínú rẹ̀ ní ìdúró, kí ojú gbogbo wọn kọ síwájú, kí ọmọ lè máa ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ìyá aláṣọ ṣe ń ṣí àǹkárá han oníbàárà. Ẹ má kó ìwé kún un dẹ́nu. Ọwọ́ ọmọ gbọ́dọ̀ rí ààyè wọ̀ ọ́.

Mẹ́jọ sí mẹ́wàá ti tó síta lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ kó ìyókù sínú ike onídèérí, kí ẹ máa pààrọ̀ wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, àfi èyí tí ọmọ ń béèrè lálaalẹ́. Ní ilé tiwa, ìwé Yorùbá kì í kúrò lórí pákó ìsàlẹ̀. Ti Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ fún wọn nílé-ẹ̀kọ́; mo fẹ́ kí tiwa jẹ́ èyí tí ọwọ́ wọn á kọ́kọ́ kàn.

Ibi tó gba àmójútó jù ni ọ̀rinrin àti kòkòrò. Láti oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá tí òjò ń rọ̀, ìwé tó bá ní ọ̀rinrin nínú kí ẹ tó dé e mọ́ inú ike, ibẹ̀ gan-an ló máa bu sí. Ẹ kọ́kọ́ ṣí i sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ nínú yàrá. Ẹ má sá a sóòrùn, àwọ̀ rẹ̀ á ṣí. Ẹ má sì kó ìwé sínú páálí kí ẹ gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀: ikán ń gba abẹ́ ilẹ̀ àti ara ògiri wá, páálí sì ni wọ́n á kọ́kọ́ jẹ. Ẹ gbé ike náà lé búlọ́ọ̀kù, kó jìnnà díẹ̀ sí ògiri, kí ẹ lè tètè rí ipa erùpẹ̀ tí ikán ń fà. Aáyán ní tirẹ̀ fẹ́ràn sítáàṣì, nítorí náà gúlúù funfun tí káfíńtà ń lò ni kí ẹ fi lẹ ìwé tó ya, kì í ṣe ẹ̀kọ tàbí sítáàṣì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ju káńfọ̀, bọ́ọ̀lù funfun tí a fi ń lé kòkòrò, sáàárín ìwé ọmọ. Ọmọ á rò pé súìtì ni. Àwọn ọmọ tí G6PD, èròjà ara tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀, kò tó lára wọn sì pọ̀ láàárín wa; káńfọ̀ lè fọ́ sẹ́ẹ̀lì náà, kí ẹ̀jẹ̀ dín lára wọn, kí funfun ojú wọn sì di yẹ́lò. Òbí mìíràn kò mọ̀ pé ọmọ òun wà lára wọn.

Kàlẹ́ńdà àtijọ́ la fi ń bo ìwé ilé-ẹ̀kọ́, ó sì dára fún ìyẹn. Ìwé ìtàn ńkọ́? Náílọ̀n tó mọ́ gaara ni kí ẹ rà fún un lọ́jà, kí ìjàpá iwájú ìwé ṣì máa hàn.