Bí A Ṣe Ń To Dáńfó Kékeré àti Bí A Ṣe Ń Kùn Ún

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn dáńfó tí ó ti gbé wa káàkiri Èkó ni ó jẹ́ ọkọ̀ Volkswagen T3, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Jámánì ní ọdún 1979. Ilé iṣẹ́ Revell ti ṣe àwòṣe ọkọ̀ yìí ní ike, ní ìwọ̀n 1:25, èyí tí ó túmọ̀ sí pé sẹ̀ǹtímítà 25 lára ọkọ̀ gidi di ẹyọ sẹ̀ǹtímítà kan lórí tábìlì. Ọkọ̀ gidi náà gùn tó mítà 4.57, eléyìí kò ju sẹ̀ǹtímítà 18 àti díẹ̀ lọ, bí ọwọ́ àgbàlagbà láti ọrùn ọwọ́ dé ṣóńṣó ìka. Ọ̀dà ni yóò sọ ọ́ di dáńfó, ìdí nìyí tí màá fi pẹ́ lórí ọ̀dà ju ibi yòókù lọ.

Bí ẹ bá ṣí àpótí náà, ẹ óò rí àwọn ẹ̀yà ọkọ̀ tí wọ́n so mọ́ férémù bí èso ṣe ń so mọ́ ẹ̀ka. Kí ẹ tó gé ohunkóhun, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ fọ gbogbo rẹ̀, nítorí pé òróró ilé iṣẹ́ lè ṣẹ́kù sí i lára, ọ̀dà kì í sì í di ibi tí òróró bá wà mú. Ẹ sá a síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kí ó má jẹ́ inú oòrùn. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ ṣẹ́ ẹ̀yà kankan: ẹ fi píláyà gé e ní ibi tí ó jìnnà díẹ̀ sí ara rẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ fi abẹ gé kùkùté tí ó kù, kí ojú abẹ má ṣe kọ sí ìka yín. Ẹ fi sáńpépà nọ́ńbà 400 ha á, kí ẹ fi nọ́ńbà 600, tí ó kúnná jù ú lọ, parí rẹ̀, kí ẹ sì máa rì í sínú omi kí eruku ike má baà wọ imú yín.

Gọ́ọ̀mù ike máa ń yọ́ ojú ike méjèèjì títí wọn yóò fi wọnú ara wọn, nítorí náà, èyí tí ó bá pọ̀ jù yóò ba ọkọ̀ jẹ́. Ẹ kọ́kọ́ to àwọn ẹ̀yà pọ̀ láìlo gọ́ọ̀mù, kí ẹ wò ó bóyá wọ́n gún régé, kí ẹ tó fi ṣóńṣó búrọ́ọ̀ṣì kan ojú ìpàdé wọn. Yóò sáré gba inú àlàfo náà lọ fúnra rẹ̀. Ẹ má ṣe fi kan gíláàsì fèrèsé rárá, torí yóò di kùrukùru. Gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò ni ó yẹ gíláàsì, lẹ́yìn tí ẹ bá kun ọkọ̀ tán.

Àwọ̀ ìyeyè gan-an ni iṣẹ́ wà. Kì í bo nǹkan mọ́lẹ̀ dáadáa; ohun tí ó bá wà lábẹ́ rẹ̀ ni yóò máa yọjú. Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe, ara ike aláwọ̀ eérú ni mo kùn ún sí tààrà, ó sì ṣe bí ewé tí ó ti ń rọ. Mo kùn ún lẹ́ẹ̀mẹ́fà, àwọ̀ náà kò yí padà, àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ etí ilẹ̀kùn ni ọ̀dà wá dí pa. Ọ̀dà ìpìlẹ̀ funfun ni kí ẹ kọ́kọ́ fín, kí ó gbẹ dáadáa. Lẹ́yìn náà, ẹ bo imú yín, ẹ dúró síbi tí atẹ́gùn ti ń wọlé, kí ẹ di agolo ọ̀dà ìyeyè mú ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20 sí 25 sí ọkọ̀ náà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ kí ó tó dé ara ọkọ̀, ẹ gbá a kọjá láìdúró, kí ẹ tó jáwọ́. Àkọ́kọ́ yóò dà bí ìrì tí ó sẹ̀ sórí ewé. Bí funfun bá ṣì ń hàn, ẹ má ṣe bẹ̀rù, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni yóò gbà. Ẹ yẹra fún ọjọ́ tí òjò ṣú, nítorí ọ̀rinrin máa ń jẹ́ kí ojú ọ̀dà ṣú funfun bí ìkùukùu. Nígbà ọyẹ́, ẹ fi páálí dé e kí eruku má bà lé e.

Lẹ́yìn wákàtí 24, ó kan ìlà dúdú méjèèjì. Bí ìlà bá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10 lára ọkọ̀ gidi, mìlímítà 4 ni tiyín. Ẹ lẹ pépà téèpù sí òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ fi èékánná tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ fi pépà bo ìyókù ọkọ̀. Kí ẹ tó fín dúdú, ẹ tún fín ìyeyè díẹ̀ sí etí téèpù náà: bí ọ̀dà kan yóò bá yọ́ wọ abẹ́ rẹ̀, ìyeyè ni yóò jẹ́, yóò sì dí ọ̀nà mọ́ dúdú. Ẹ ṣí téèpù náà kúrò díẹ̀díẹ̀ kí dúdú tó gbẹ pátápátá, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ padà sórí ara rẹ̀ bí ẹ ti ń fà á.

Dáńfó tí kò ní àpá kò jọ dáńfó. Ẹ já fóòmù díẹ̀, ẹ tì í bọ inú ọ̀dà aláwọ̀ ilẹ̀ tó dúdú díẹ̀, ẹ nù ún sórí pépà títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, kí ẹ fi kan bọ́ńpà, òkè táyà, àti pàápàá etí ilẹ̀kùn ní ibi tí ọwọ́ kọ̀ńdọ́ ti máa ń di ọkọ̀ mú. Díẹ̀ ti tó níbẹ̀. Nígbà tí ó bá gbẹ, ẹ lẹ gíláàsì mọ́ ọn, ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.